Ohun Tí Mo Buwọ́ Lù Nípa Òṣùpá

Ilé wa,
Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ọlọ́fìn-íntótó mi,

Mo kí ọ o, mo tún ọ kí. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé ò ń jẹun bó ṣe yẹ, pé orí tó máa ń fọ́ ọ nígbà òtútù ti fi ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi lo fẹ́ mọ̀, mo wà láàyè, mò ń rìn, ojú mi sì ń ka ìwé láìlo jígí tí oòrùn bá ràn dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní sọ fún ọ pé àlàáfíà ni mo wà. Irọ́ ti tó láàárín àwa méjèèjì.

Ó di oṣù méje báyìí tí o ti jáde nílé yìí láìwo ẹ̀yìn. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Mo rán ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì sí ọ, ó ní o wà dáadáa, ó ní kí n fún ọ láyè. Mo ti fún ọ láyè. Àmọ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, mi ò mọ bí àyè tó kù fún èmi alára ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ̀wé yìí, bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n máa kọ àyẹ̀wò wọn sílẹ̀: ohun tí a ṣe, ohun tí a rí, ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Tí o bá kà á tán, o lè fà á ya. Ṣáà kà á tán.

O mọ bí wọ́n ṣe fi mí sínú ìgbìmọ̀ náà, àmọ́ o ò mọ bó ṣe rí lára mi. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yín tọrọ àṣẹ pé àwọn fẹ́ lọ gbẹ́ omi dídì inú òṣùpá, láti inú kòtò kan tí oòrùn ò tíì wọ̀ rí, ìjọba ní kò ní rí bẹ́ẹ̀ ṣá, àfi kí àwọn mẹ́ta kan kọ́kọ́ jókòó lé e lórí. Wọ́n mú adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n mú Ọ̀mọ̀wé kan tí gbogbo ayé rẹ̀ jẹ́ òkúta àti irin, wọ́n ní ẹnì kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí aráàlú fọkàn tán. Ni wọ́n bá wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nínú kíláàsì kan náà nìyẹn. Inú mi dùn, kí n má tàn ọ́. Mo ra bàtà tuntun. Mo sọ fún gbogbo àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi pé wọn ò ní máa rí mi ní Ọjọ́rú mọ́, mò ń lọ sọ̀rọ̀ òṣùpá. Tíṣà ìṣirò ní kí n bá òun kí wọn lọ́hùn-ún.

Àjà kejì ilé ìkàwé ìlú la ti ń ṣe ìpàdé, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú níbẹ̀, Adájọ́ ló ká páálí tó fi tì í. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n mọ̀ o, ọmọ mi kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́ yìí. Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ta ni kò lẹ́bí níbẹ̀ nínú ìlú yìí? Tí a bá ní ká yọ onítọ̀hún, ajá ló máa kù lórí àga.” Lẹ́yìn náà ló ka òfin fún wa. Ojú ìwé mẹ́rin péré ni. Tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ gbẹ́ ibì kan, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò. Tí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíì, tó jẹ́ pé tó bá bàjẹ́ ó bàjẹ́ mọ́ gbogbo aráyé lọ́wọ́ nìyẹn, kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá ní rárá, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tó ka ibẹ̀ yẹn, mo jókòó dáadáa lórí àga mi.

Obìnrin kan ni ilé-iṣẹ́ ń rán wá bá wa. O mọ̀ ọ́n, agbẹnusọ yín ni, èyí tí kì í gbé ohùn sókè. Ó gbé àwòrán kan síwájú wa, àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìfọ́ òkúta, tí erùpẹ̀ ti sọ ìpéǹpéjú wọn di funfun. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, lórí òṣùpá, kò sí odò ẹnikẹ́ni tí a máa bà jẹ́. A ò ní lé ẹnikẹ́ni kúrò lóko. Kò sí ẹni tó máa fa erùpẹ̀ símú. Ta la wá ṣẹ̀ níbẹ̀?” Ó ní omi dídì yẹn ni wọ́n máa fi ṣe epo rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà á máa lọ síbi àwọn òkúta ńláńlá tó ń fò kiri lójú ọ̀run tí irin kún inú wọn, tó bá sì yá, a ò ní nílò láti gbẹ́ ilẹ̀ ayé mọ́. Àwọn ibi ìfọ́ òkúta á máa ti ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

O mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bá mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bàbá rẹ fi fọ́ òkúta. Èmi ni mo ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, omi rẹ̀ a sì funfun bíi mílíìkì títí dé omi kẹta. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ́ nígbà tó lọ, ṣùgbọ́n o ò mọ bí ọdún méjì tó gbẹ̀yìn ṣe rí, torí a jọ fi pamọ́ fún ọ ni. Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ìjókòó ló ń sùn, pẹ̀lú ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn, èmi náà á sì jókòó tì í, torí kí ló dé tí èmi nìkan á fi máa na ẹsẹ̀. Dókítà fi àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ hàn mí, ó dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin yẹn ní kò sí ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni lórí òṣùpá, mo gbà á gbọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lo pè mí. Mò ń lọ aṣọ. O ní, “Màámi, ẹ jókòó.” Mo ní mo ti jókòó, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi. O wá sọ fún mi pé ẹ̀rọ yín ti gé omi dídì kan jáde nínú kòtò náà, tó gùn tó apá èèyàn, wọ́n sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò yín kí o yẹ̀ ẹ́ wò. O ní ìpele ìpele ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan lórí èkejì bí ojú ìwé. “Mo kà á dé ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, Màámi, mi ò tíì dé ìdajì.” O ní ìpele kọ̀ọ̀kan ti wà níbẹ̀ kí ohun ẹlẹ́mìí kankan tó wà láyé, pé ibẹ̀ ni èèyàn ti lè kà á bí omi ṣe dé inú ayé tiwa yìí, pé gbogbo kòtò tó kù ni òkúta ti jábọ́ lù tó ti dà rú, àfi ẹyọ kan yìí. Mo gbọ́ ayọ̀ lóhùn rẹ fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí o ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí o wà ní kékeré nìyẹn, tí o bá rí kòkòrò tí o ò rí irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ yí padà. O ní ọ̀gá rẹ pè ọ́ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí o kọ ọ́ pé omi dídì lásán ni, pé kò sí ohun àrà kankan níbẹ̀. O ní o bá a jiyàn títí ilẹ̀ ọjọ́ méjì fi mọ́. O kọ ọ́ nígbẹ̀yìn. “Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ìjábọ̀ tí wọ́n máa gbé wá bá yín ní Ọjọ́rú,” ohun tí o sọ nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ̀tù sí ọ nínú, o sì dá mi dúró. “Mi ò pè yín kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Mo pè yín torí pé ẹ̀yin lè sọ pé rárá.”

Mo ní, “Mo gbọ́.” Ohun tí mo sọ nìyẹn. O gbà á bí ìlérí, mo sì mọ̀ pé o gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ mẹ́ta yẹn ṣe rí. Ìwé tí o buwọ́ lù nígbà tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ wà nílé níbí, nínú dúrọ́ọ̀ rẹ. Mo lọ mú un jáde, mo kà á. Wọ́n ní ẹni tó bá tú àṣírí ilé-iṣẹ́, kóòtù ni, kò sì ní ríṣẹ́ irú rẹ̀ ṣe mọ́ níbikíbi. Mo rò ó pé tí mo bá ní rárá, wọ́n á béèrè ibi tí mo ti gbọ́. Ojú ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò tí kì í ṣe tìrẹ? Mo rántí gbogbo ọdún tí mo fi dá tọ́ ọ, mo rántí ọjọ́ tí ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ dé tí a jọ ń fò sókè nínú pálọ̀ bí ọmọdé. Mo ní ṣé nítorí omi dídì. Mo sọ ọ́ sókè nínú ilé, “Ṣé nítorí omi dídì?”

Ní Ọjọ́rú, ìjábọ̀ rẹ wà lórí tábìlì. Mo rí orúkọ rẹ. Ọ̀mọ̀wé kà á, ó ní ó dá òun lójú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Adájọ́ náà buwọ́ lù ú. Wọ́n tì í sí mi. Mo wo agbẹnusọ yín, mo ní, “Ṣé ó dá ẹni tó kọ èyí lójú?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ bí i, Mà. Ẹ ó mọ̀ ọ́n jù wá lọ.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ nígbà náà pé obìnrin yẹn mọ̀, àti pé ó mọ̀ pé mo mọ̀. Mo gba bírò, mo sì kọ orúkọ mi.

Ọmọ mi, mo ti ka òfin olójú ìwé mẹ́rin yẹn lákàtúnkà láti ìgbà náà. Ojú ìwé kẹta, ìlà kejì: ẹni tó bá kọ̀ kò ní láti sọ ìdí. Mo lè ní rárá, kí n gbé báàgì mi, kí n máa lọ sílé. Kò sí ẹni tó lè fipá mú mi sọ ọ̀rọ̀ kan lé e. Mo sì mọ èyí lọ́jọ́ náà, torí Adájọ́ ti kà á fún wa rí. Èyí tí mo sọ fún ọ pé nítorí iṣẹ́ rẹ ni, òótọ́ wà nínú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Mo fẹ́ràn àga yẹn. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń dìde tí mo bá wọlé, bí wọ́n ṣe ń béèrè pé, “Kí ni Tíṣà rí sí i?” Lẹ́yìn tí bàbá rẹ lọ, kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohunkóhun tí kì í ṣe ọmọ ọdún méjìlá. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa da ìpàdé rú. Ìtìjú ńlá ni láti kọ èyí sílẹ̀, àmọ́ ó ti wà níbẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì lo dé, tí báàgì ṣì wà léjìká rẹ. Mò ń din ẹyin. O dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, o ní, “Ẹ buwọ́ lù ú.” O ò béèrè. Mo ní nítorí tìrẹ ni. O ní, “Ẹ má gbé e kọ́ mi lọ́rùn, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́.” O wá sọ ohun tí mi ò mọ̀. O ní àárọ̀ Ọjọ́rú gan-an lo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ìpàdé wa tó bẹ̀rẹ̀, kí n má baà ní ẹnikẹ́ni tí mo máa tìtorí rẹ̀ bẹ̀rù. Mo ní kí ló dé tí o ò pè mí kí o sọ fún mi. O wò mí, o ní, “Torí ẹ ti ní ẹ gbọ́.” O bu omi, o mu ún tán, o fọ kọ́ọ̀pù náà, o dojú rẹ̀ délẹ̀ síbi tó máa ń wà. Nígbà tí mo fi máa rántí ẹyin, ó ti jóná mọ́ páànù, ìwọ sì ti dé ojú títì.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán gbàràgàdà kan sínú gbọ̀ngàn ìlú kí gbogbo èèyàn lè wò ó. Wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa wá, èmi ni mo tò wọ́n jókòó. Ẹ̀rọ yín lórí òṣùpá tan iná sínú kòtò, ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tó máa dé ibẹ̀ rí, ó sì gbé ẹnu rẹ̀ lé omi dídì náà, ó ń yọ́ ọ, ó ń fà á mu. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Torí pé o ti sọ fún mi, mo mọ ibi tí mo máa wò. Létí kòtò tí ẹ̀rọ ń gbẹ́, mo rí wọn, àwọn ìlà tín-ín-rín yẹn, ọ̀kan lórí èkejì, àìmọye. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mi ò tíì ka àádọ́ta tán tí wọ́n fi di ìkùukùu tí wọ́n sì pòórá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ kan tó jókòó tì mí ní, “Mà, ẹ ń sunkún ayọ̀ ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo lọ sílé Adájọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo bá a níbi tó ti ń bomi rin òdòdó rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀, mo ní mo fẹ́ gba orúkọ mi padà lórí ìwé yẹn. Ó pa omi, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò bínú sí mi, ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó ní, “Tíṣà, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dá ẹjọ́. Olè jí nǹkan, a mọ ẹni tó ni ín, a ní kó dá a padà. Èyí, ta ni olùpẹjọ́? Kí sì ni wọ́n máa dá padà, ìkùukùu?” Mo ní àwọn ọmọ tí a ò tíì bí ni olùpẹjọ́. Ó ní, “Àwọn yẹn ò lè wá sí kóòtù.” Síbẹ̀ ó bá mi kọ̀wé sí ìjọba. Èsì tí wọ́n fún wa ni pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, àti pé wọ́n ti tún òfin ṣe kí iṣẹ́ lè máa yá: láti ìsinsìnyí lọ, ẹni méjì nínú mẹ́ta ti tó.

Ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kòtò kejì wá, mo ní rárá. Mo dìde dúró, mo sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo sọ ti ìpele, mo sọ ti ìjábọ̀, mo ní èmi ni mo mọ̀ tí mo sì dákẹ́, kí wọ́n má ṣe bí mo ṣe ṣe. Agbẹnusọ yín ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé buwọ́ lù ú. Mo yíjú sí Adájọ́. Ó di bírò mú, ó ní, “Tíṣà, mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ àwọn ìlú míì ti ń múra rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn. Tí a bá fi sílẹ̀, àwọn tí kò ní ìgbìmọ̀ kankan ló máa wá gbẹ́ ẹ. Ó kéré tán, àwa jókòó ká tó ṣe é.” Ó sì buwọ́ lù ú. Mo wá ohun tí mo máa fi dá a lóhùn, mi ò rí i. Mo ṣì ń wá a di òní. Bóyá ìwọ mọ̀ ọ́n.

Kí n sọ ti ibi ìfọ́ òkúta fún ọ náà, torí pé o lè rò pé ohun kan ṣáà tìdí ẹ̀ jáde. Wọn ò tì í. Wọ́n ti fẹ̀ ẹ́. Pápá tí wọ́n á ti máa yin rọ́kẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ òkúta tí kò lóǹkà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń fi ohun abúgbàù fọ́ àpáta báyìí, ago inú kọ́bọ́ọ̀dù á sì máa gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń rí wọn ní ibùdókọ̀, àwọn géńdé tí kò tíì ju ọ̀dọ́ lọ, ìpéǹpéjú wọn funfun, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń ta ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan wúkọ́ lẹ́yìn mi níjẹta. Mo sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú tiwa, mo fi ẹsẹ̀ rìn délé.

Mo ti kọ ohun gbogbo tí mo mọ̀ sílẹ̀, mo fi orúkọ ara mi sí i, mo fi ránṣẹ́ sí yunifásítì mẹ́rin. Ọ̀kan ṣoṣo ló fèsì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ńlá ni tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé mo ní fọ́tò náà? Mi ò ní in. Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu tíṣà kan kì í ṣe ẹ̀rí. Èyí tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Mi ò béèrè bóyá ìwọ ní in. Tó bá jẹ́ pé o ní in, má fi ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sí mi lọ́wọ́ rí, o sì mọ ohun tí mo fi ṣe.

Mi ò kọ ìwé yìí kí o lè dárí jì mí. Ká ní ìwọ nìkan ni mo ṣẹ̀ ni, ǹ bá kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́, àgbà tí mo jẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó lọ yẹn kì í ṣe tìrẹ, kì í ṣe tèmi, o ò sì lè bá àwọn tó ni ín dárí rẹ̀ jì mí. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé o ò ṣìṣe nígbà tí o pè mí láàárọ̀ yẹn. Ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe lo ṣe. Ìyá rẹ ló kù díẹ̀ káàtó.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lọ, ṣọ́ ọ bọ̀. Kí iṣẹ́ tí o máa tún rí jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò ní ní kí o purọ́ níbẹ̀. Kí o rí ẹni tí o máa fọ̀rọ̀ pamọ́ sí lọ́wọ́ tí kò ní já ọ kulẹ̀. Bí o bá bímọ, kí ọmọ náà jọ ọ́ lójú àti níwà, kó má jọ mí ní ti ìdákẹ́. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ, tó sì ń ronú rẹ ní gbogbo ìgbà.

Àfikún: Mo ti ká ìwé yìí tán kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tí ẹ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì mi ni, èyí tí o máa ń bá ṣe iṣẹ́ àmúrelé, tó ti di tíṣà báyìí. Wọ́n ti fi í rọ́pò mi nínú ìgbìmọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́. Ó wá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún ọ yìí fún un, títí kan ti ẹyin tó jóná. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun ò ní gbà fún wọn. Lẹ́yìn náà ló ní ọkọ òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ní pápá rọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tó ti jókòó sílé fún ọdún méjì. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n sọ nǹkan kan. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé tíì kaná.